Owó Àpapọ̀ àti Ojúkòkòrò: Bí Ìjọ, Ilé àti Àdúgbò Ṣe Lè Dí Ọ̀nà Mọ́ Ọn

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni àdúgbò wa ní Bàrígà fi wà nínú òkùnkùn nígbà tí tíráńsífọ́mà wa jó. Kì í ṣe pé owó àtúnṣe kò pé. Ó pé. Ilé kọ̀ọ̀kan ti dá tirẹ̀, àwọn opó dá, àwọn ayálégbé tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo dá. Ọwọ́ ẹnìkan ni a kó o sí, ẹni tí gbogbo wa fọkàn tán, tó máa ń ṣíwájú àdúrà bí a bá pàdé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ délẹ̀, ó ní òun kò jalè o, òun yá a ni. Òun fẹ́ fi yí ọjà kan tó ń bọ̀ láti Kútọnu, òun ìbá sì ti dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Ọjà náà kò wọlé.

Obìnrin kan wà ní ojúlé kejì sí tèmi, Ìyá Ẹlẹ́ja la máa ń pè é, tó ń ta títùsì àti ṣáwá inú fìríìsà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń ra yìnyín. Lọ́sẹ̀ kejì, owó yìnyín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹja. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ó ṣí ìdérí, omi ẹ̀jẹ̀ ti gba ìsàlẹ̀ fìríìsà, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo ojúlé. Mo bá a kó ẹja náà sínú àpò méjì. Kò sunkún. Ó fi ọṣẹ fọ fìríìsà, ó ṣí i sílẹ̀ sínú oòrùn. Nígbà tí mo tún yà kí i ní ọjọ́ kẹta, aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ ló kó sínú rẹ̀.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe akápò ẹgbẹ́ aláàánú ní ìjọ wa, láti ọjọ́ tí ẹja náà bàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ Ákánì inú ìwé Jóṣúà orí 7 kò sì ti kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀wù Bábílónì kan tó dára, 200 ṣékélì fàdákà, àti wúrà tó wọn 50 ṣékélì, ohun tí ẹnìkan mú nìyẹn nínú ìkógun Jẹ́ríkò, èyí tí Ọlọ́run ti ní kí ẹnikẹ́ni má mú. Ọkùnrin 36 ló kú lójú ogun ní ìlú Áì, àwọn tí kò mọ̀ pé nǹkan kan wà lábẹ́ ilẹ̀ àgọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ tún wo ẹsẹ kìíní: kí Bíbélì tó dárúkọ Ákánì, ó ti kọ́kọ́ sọ pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ló ṣẹ̀. Ẹnìkan ló jẹ ẹ́, gbogbo agbo ilé ló san án.

Nígbà tí Ákánì ń jẹ́wọ́, ó ka bó ṣe ṣe é: ó rí i, ó wọ̀ ọ́ lójú, ó mú un, ó bò ó mọ́lẹ̀. Ibi mẹ́rin yìí ni ojúkòkòrò ń gbà kọjá, ibẹ̀ náà ló yẹ ká dí. Àdúrà la sábà máa ń sáré sí, àdúrà sì dára, ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó ní ká gbàdúrà náà ló ní ká yan ènìyàn, ká sì ka owó lójú ẹlẹ́rìí. Ohun tí àwa ti ṣe tó ràn wá lọ́wọ́ ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dá ohùn rẹ̀ mọ̀

Ojúkòkòrò kì í dárúkọ ara rẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á ní: "Mo yá a ni." Á ní: "Èmi ni mo sáré jù, kí ni mo jẹ níbẹ̀?" Á ní: "Bí mi ò bá mú un, ẹlòmíì á mú un." Á ní: "Ṣebí owó gbogbo wa ni." Mo kọ gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi. Ìwọ náà kọ ọ́. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá sọ sí ọ lọ́kàn, ọjọ́ náà gan-an ni kí o pe ẹlòmíràn wá bá ọ ka owó tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Ó ti sọ sí èmi náà lọ́kàn rí. Lọ́dún kan tí owó ilé ìwé ọmọ há mi mọ́ ògiri, owó àwọn opó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Mo jí lóru, mo kà á. Mo tún kà á. Kì í ṣe pé n kò mọ iye rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ìjọ, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e pamọ́." Wọn kò bi mí ní ìdí. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n kà á lójú mi, wọ́n sì kọ iye rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀rọ̀ yìí na tálákà. Àìní ní ìwọ̀n: ẹni tí ebi ń pa, bó bá yó, ó tán. Ojúkòkòrò kì í yó; Oníwàásù 5:10 ní ẹni tó bá fẹ́ràn fàdákà, fàdákà kì yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Obìnrin tó jí ní aago mẹ́rin kó lè tètè rí ọjà ra ní Òyìngbò kì í ṣe olójúkòkòrò, òṣìṣẹ́ ni. Ìgbà tí Jésù ní ká ṣọ́ra fún ojúkòkòrò, nínú Lúùkù orí 12, ọ̀rọ̀ ogún ló fà á: ọkùnrin kan ló ní kí ó bá òun sọ fún arákùnrin òun kó pín ogún fún òun. Ẹni tó bá ti rí ìjà ilé ẹbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ọmọ bàbá kan náà fi ń bá ara wọn délé ẹjọ́ lórí yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò nílò àlàyé lórí ẹsẹ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan ẹni tó kórìíra rẹ̀

Nígbà tí Jẹ́tírò ń kọ́ Mósè àna rẹ̀ bí yóò ṣe yan olórí, nínú Ẹ́kísódù 18:21, kò ní kó wá ọlọ́rọ̀, kò ní kó wá ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní kó wá ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run, olóòótọ́, tó kórìíra ojúkòkòrò. Báwo la ṣe ń mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ẹ wo ìwé àjọ. Ẹni tó kọ́kọ́ kó àjọ ní oṣù kìíní, tó sì ń dá owó tirẹ̀ láìjẹ́ pé alájọ ń kan ìlẹ̀kùn títí dé orí ẹni ìkẹyìn, ẹni náà ni. Ẹ wò ó nígbà tó bá ń bu ẹran ní ibi ìnáwó. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe bí wọ́n bá bi í léèrè owó: ṣé ó máa ń gbé ìwé jáde ni, àbí ó máa ń gbé ojú?

Ẹ má sì gbé àpò owó ka iwájú ẹni tí láńlọ́ọ̀dù ń lé kiri lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìyẹn kì í ṣe ìdájọ́, àánú ni. Ẹ bá a wá owó ilé rẹ̀ ná.

Ẹnìkan kò tó. Júdásì nìkan ló ń gbé àpò owó Jésù àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, Jòhánù 12:6 sì sọ pé ó ń jí níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn opó dá ìkùnsínú sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù, ènìyàn méje ni wọ́n yàn. Ní tiwa, ẹnìkan ń gbà, ẹnìkan ń kọ, ẹnìkan ń pa á mọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ará ilé kan náà. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń lò kí a tó tún wọn yàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: owó kò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ ẹnìkan

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Pọ́ọ̀lù kó owó ìrànlọ́wọ́ jọ fún àwọn onígbàgbọ́ Jerúsálẹ́mù. Àpọ́sítélì ni, ta ni yóò fura sí i? Síbẹ̀ kò dá a gbé. Ó rán Títù, ó sì fi arákùnrin tí àwọn ìjọ fúnra wọn yàn kún un. Ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀ wà nínú 2 Kọ́ríńtì 8:20-21: kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí wọn lẹ́sẹ̀ lórí owó ńlá náà, àti pé wọ́n ń ṣe ohun tó tọ́ lójú Olúwa, àti lójú ènìyàn pẹ̀lú. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé "ẹ ò fọkàn tán mi ni?", ẹ fi ẹsẹ yìí dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tí a fọkàn tán gan-an la fẹ́ dáàbò bò.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Orí tábìlì ni a ti ń kà á, ní gbangba, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀ yàrá. A ó to owó náà ní irú kan sí irú kan. Ẹnìkan á kà á, ẹnìkejì á tún un kà láìgbọ́ iye tí ẹni àkọ́kọ́ pè, ẹnìkẹta á kọ iye méjèèjì. Bí wọn kò bá dọ́gba, a ó tún bẹ̀rẹ̀. A ó kọ iye náà ní nọ́ḿbà, a ó kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á bu ọwọ́ lù ú, a ó ya fọ́tò ìwé náà sí Wasáàpù ẹgbẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dìde lórí àga. Ọjọ́ tí bánkì bá ṣí ni owó náà gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Àkántì wo? Kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹnìkan. Bánkì máa ń béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí àkántì lórúkọ ẹgbẹ́. Bí ẹgbẹ́ yín kò bá tíì ní in, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lè ṣí àkántì àjùmọ̀ní, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé gbogbo wọn bu ọwọ́ lù ú. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí o: ìbuwọ́lù méjì kò ní ìtumọ̀ bí káàdì ATM bá wà lápò ẹnìkan, tàbí bí ẹnìkan bá lè jókòó sí ilé rẹ̀ kó fi fóònù taari owó jáde. Ẹ má gba káàdì. Ẹ má gba ètò fóònù àfi èyí tí ẹnìkejì gbọdọ̀ fọwọ́ sí kó tó lọ. Kí àlẹ́ẹ̀tì sì máa wọ orí fóònù ẹni tí kì í ṣe akápò. Fóònù Ìyá Ìjọ ni tiwa ń wọ̀. Ọmọ-ọmọ wọn ló máa ń ka iye fún wọn.

Owó tíráńsífọ́mà wa kò ní ọ̀kan nínú gbogbo èyí. Ọ̀rẹ́ ló so wá pọ̀, a rò pé ó tó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ka ìṣirò jáde

Lóṣooṣù. Èyí tó wọlé, èyí tó jáde, èyí tó kù. Ìlà mẹ́ta, kí rìsíìtì sì wà lẹ́yìn èyí tó jáde. Ẹ kà á jáde ní Yorùbá tó yé gbogbo ènìyàn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè. Bí ẹnìkan bá béèrè, ẹ má fi "ẹ jẹ́ ká gbàdúrà" pa á lẹ́nu mọ́. Àgọ́ ni Ákánì bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀ sí. Ohun tó bá wà lára ògiri kò ṣeé bò mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ẹ bá ń pín nǹkan, ẹni tó ń pín ni yóò mú kẹ́yìn

Ẹ kọ orúkọ àwọn tí yóò gbà kí ìrẹsì tó dé. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lọ, nítorí bí àpò bá ti wà nílẹ̀, gbogbo wa la ó rántí ìbátan. Ẹ pe àwọn tó ń gbà wá síbi tí ẹ ti ń wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ dẹ́rìkà tàbí kóńgò tí ẹ fẹ́ lò wò, ẹ fọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Gbogbo wa la mọ èyí tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú lọ́jà, tó jẹ́ pé bó ti kún tó, kò kún. Diutarónómì 25:13-16 pe òṣùwọ̀n ńlá àti kékeré nínú àpò kan náà ní ìríra lójú Olúwa. Kò yọ òṣùwọ̀n tí a fi ń pín ọrẹ sílẹ̀.

Kí àwọn tó ń pín má ṣe yọ tiwọn sápá kan kí pínpín tó bẹ̀rẹ̀. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nígbà mánà, oúnjẹ tí Ọlọ́run fi bọ́ Ísírẹ́lì ní aginjù, òṣùwọ̀n ómérì kan ni fún olúkúlùkù. Ẹni tó kó púpọ̀ kò ní ṣẹ́kù, ẹni tó kó díẹ̀ kò ṣaláìní, èyí tí wọ́n sì fi pamọ́ di ọjọ́ kejì yọ ìdin, ó ń rùn. Mo rántí oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ènìyàn já wọ ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza, tí wọ́n rí oúnjẹ ìrànlọ́wọ́ àsìkò Kòrónà tí wọ́n tò síbẹ̀, tí ebi sì ti ń pa ará ìlú láti oṣù mélòó kan. Ohunkóhun tó wù kí ìdí jẹ́ tó fi pẹ́ níbẹ̀, ìrẹsì tó jókòó sẹ́yìn ìlẹ̀kùn títì lójú ẹni tí ebi ń pa máa ń sọ aládùúgbò di ọ̀tá. Bí ó bá dé ọwọ́ yín lónìí, ẹ pín in lónìí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ bá onílé tó wà nínú ìjọ sọ̀rọ̀

A máa ń wàásù fún agbérò, a kì í wàásù fún láńlọ́ọ̀dù tó jókòó ní ìlà iwájú. Ní Mainland níbí, mo ti rí ìdílé tó san owó ilé, tó san ti àgírímẹ́ǹtì, tó san kọ̀míṣọ́ọ̀nù, gbogbo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé ọdún méjì kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́. Àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀ ló ń kó lọ sí ọ̀nà jíjìn, tí a kì í sì í rí wọn ní ìpàdé mọ́.

Òfin owó ilé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́wọ́ ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ tó ń san lọ́dọọdún. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ. Ẹni tó bá rú u lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin náà yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bí onílé bá gba owó ìtọ́jú ilé yàtọ̀ sí owó yàrá, ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ sí rìsíìtì tirẹ̀, àti àlàyé tí a kọ sílẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà. Ẹ béèrè rẹ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ṣe ìṣirò owó omi", ṣùgbọ́n ẹ béèrè.

Onílé tó jẹ́ Kristẹni, jọ̀wọ́ ka Nehemáyà orí 5. Àwọn ọlọ́lá ń gba èlé lọ́wọ́ arákùnrin wọn, wọ́n gba oko, wọ́n gba ilé. Nehemáyà kò fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n. Ó pe ìpàdé ńlá lé wọn lórí, ó ní kí wọ́n dá a padà lọ́jọ́ náà, ó sì mú wọn búra. Ẹnu rẹ̀ gbà á, nítorí ọdún 12 tó fi ṣe gómìnà, kò jẹ oúnjẹ tó tọ́ sí gómìnà. Bí ilé rẹ bá sì ti sán, má ṣe gba owó lórí ẹ̀mí ènìyàn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan tí ilé ìwé àwọn ọmọdé wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, ní Lagos Island. Nǹkan bí 20 ènìyàn ló kú, ọmọdé wà nínú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní àwọn ti sàmì sí ilé náà ṣáájú pé kí wọ́n wó o.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ má jẹ́ kí owó àrà wọ ìjọ

Ojúkòkòrò kì í ṣe ti ọlọ́rọ̀ nìkan. MMM, ètò tó ní kí ènìyàn kó owó wá kó lè bí sí i, ṣèlérí 30% lóṣù kan; ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 ó ti owó àwọn ènìyàn pa. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX, ètò mìíràn irú rẹ̀, tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìjọ wa, ẹ̀gbọ́n ló mú àbúrò wọ̀ ọ́, olórí ẹgbẹ́ ló mú ọmọ ẹgbẹ́ wọ̀ ọ́, nítorí pé ẹni tó bá mú ènìyàn wá ń gba tirẹ̀ lórí wọn. Òfin tí a ṣe kò gùn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ polówó irú rẹ̀ lórí pẹpẹ, nínú ẹgbẹ́, tàbí lórí Wasáàpù ìjọ, pásítọ̀ pàápàá.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bó bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá a ní ìdákọ́ńkọ́, gẹ́gẹ́ bí Mátíù 18:15 ti wí. Bí kò bá gbọ́, ẹ mú ẹnìkan tàbí méjì dání. Ẹ má gbé e sí Wasáàpù ná, ẹ má sì pe àwọn ọmọ àdúgbò láti lù ú. Mo ti rí ibi tí ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ òkú. Ṣùgbọ́n ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó ni owó gbọ́dọ̀ mọ iye tó lọ. Kó kúrò ní ipò náà lójú ẹsẹ̀, kó kọ iye tó jẹ àti ọjọ́ tí yóò máa san, kí onídùúró méjì bu ọwọ́ lù ú. Léfítíkù orí 6 ní kó dá odindi rẹ̀ padà, kó sì fi ìdámárùn-ún lé e. Sákéù agbowó orí fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ilé ìlàjà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ fún aráàlú kì í gba owó, ilé ẹjọ́ kékeré tí wọ́n ṣí ní ọdún 2018 sì ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ.

A dárí ji arákùnrin wa ní alẹ́ ọjọ́ tó jẹ́wọ́. Ó sunkún, àwa náà sunkún. Kọ́kọ́rọ́ àpótí, a kò dá a padà fún un.

A tún owó dá lẹ́ẹ̀kejì kí iná tó dé. Òun sì bẹ̀rẹ̀ sí í san, díẹ̀díẹ̀, oṣù mẹ́rìnlá. Ọjọ́ Sátidé kan ló mú èyí tó kù wá pẹ̀lú ìdámárùn-ún. Àwa mẹ́ta la jókòó sí tábìlì níwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ẹlẹ́ja. Ó bẹ̀ wá pé ká jẹ́ kí òun náà kà á pẹ̀lú wa. A jẹ́ kó kà á. Iye wa dọ́gba. Mo kọ ọ́ ní nọ́ḿbà, mo kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀, a bu ọwọ́ lù ú. Ìpàdé àdúgbò ti fẹnu kò ṣáájú pé Ìyá Ẹlẹ́ja ni kí a gbé ìdámárùn-ún náà fún. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó kó aṣọ àwọn ọmọ kúrò nínú fìríìsà.